Ẹ̀yin olóko àti oníṣòwò, kí ẹ tó ra ìbọn afẹ́fẹ́: 4.5 ni àbí 5.5?

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń gbin ìrẹsì lágbègbè Ọ̀fadà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló bi akọ̀ròyìn wa ní ìbéèrè kan tó gba pé ká jókòó wádìí rẹ̀ dáadáa. Bàbá ò béèrè iye tí àpò ìrẹsì kan ń lọ, wọn ò sì sọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba. Wọ́n na ọwọ́ sí oko wọn tó ti ń pọ́n bọ̀, níbi tí àwọn ẹ̀gà ti ń pariwo bí ọjà alẹ́, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé, bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́bí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè mí. Ó ní òun fẹ́ ra ìbọn afẹ́fẹ́ kan fún mi, kí n lè máa fi pa ẹ̀gà àti ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ mí lóko, kí ọmọ ọmọ mi náà sì máa fi ṣeré ìbọn yíyìn. Ó ní kí n sọ èyí tí mo fẹ́, 4.5 ni àbí 5.5. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti bàbá nìkan. Àwọn tó ń sin adìyẹ ń wá ohun tí wọn yóò fi kojú èkúté tó ń jẹ oúnjẹ adìyẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbin àgbàdo, kókó àti ọ̀pẹ ń bá ọ̀kẹ́rẹ́ jà. Àwọn tó ní ọgbà ìgbafẹ́ náà ń rò ó pé àwọn lè ya igun kan sọ́tọ̀ níbi tí àwọn oníbàárà yóò ti máa sanwó láti yìnbọn sí àmì. Owó tí yóò jáde lápò kì í ṣe kékeré, ìbọn tí èèyàn bá sì ti rà, kò rọrùn láti dá padà bí ẹni dá bàtà padà. Ìdí nìyí tá a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tá a sì kó o wá síwájú yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìbọn afẹ́fẹ́?

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í lo ẹ̀tù rárá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti ọta jáde. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ lára yín lè rántí Diana, ìbọn tí ilé iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Rastatt, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ́dún 1890 ń ṣe. Èèyàn yóò ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, yóò ki ọta kékeré kan bọ ihò rẹ̀, yóò dá ọ̀pá náà padà, ó di kó fojú sun ohun tó fẹ́ ta. Bó ṣe ń ṣẹ́ ẹ wálẹ̀ yẹn ló ń fún sípíríǹgì inú rẹ̀ pọ̀. Tó bá wá fà á, sípíríǹgì yóò ta síwájú, yóò ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò sì ti ọta.

Òjé ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọta náà. Orí rẹ̀ kún, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ bíi yẹ̀rì obìnrin. Iye tí wọ́n ń pè yẹn, fífẹ̀ ihò ọ̀pá ìbọn ni, òun náà sì ni fífẹ̀ ọta tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù: 4.5 mìlímítà, tí àwọn ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà máa ń kọ ní .177, 5 mìlímítà, tí wọ́n ń kọ ní.20, 5.5 mìlímítà, tí wọ́n ń kọ ní .22, àti 6.35 mìlímítà, tí wọ́n ń kọ ní .25. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí lára páálí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi .22 ti ìbọn afẹ́fẹ́ wé .22 ti ìbọn ẹ̀tù o. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, agbára wọn jìnnà síra.

4.5 àti 5.5 ló gba ọjà jù lọ. Ẹni tó bá ra 5 lè máa wá ọta rẹ̀ kiri títí. Ọta ìwọ̀n kan kò sì ṣe é lò nínú ìbọn ìwọ̀n mìíràn, torí náà èyí tí ẹ bá yàn lọ́jọ́ tí ẹ ra ìbọn, òun lẹ ó máa ra ọta rẹ̀ títí tí ìbọn náà yóò fi gbó.

Ọta tó tóbi kọ́ ló lágbára jù

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí ọta bá ṣe tóbi tó ni ìbọn ṣe lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú sípíríǹgì tàbí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìbọn ni agbára ti ń wá, kì í ṣe inú ọta. Ẹ fi wé ọ̀kadà. Ọ̀kadà kan náà tó bá gbé èrò kan yóò sáré, tó bá gbé èrò mẹ́ta, yóò máa fà. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ẹrù ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é. Ní England àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò bá kọjá foot-pound 12, èyí tó jẹ́ joule 16 àti díẹ̀, kò nílò ìwé àṣẹ ìbọn. Nítorí èyí, agbára yẹn ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún ní. Ká ní ìbọn mẹ́ta ló wà níwájú wa, tí gbogbo wọn ní agbára 12 yìí. Ọta 4.5 tó wọ́pọ̀ wúwo tó gíráàmù 0.55, yóò sì jáde pẹ̀lú eré mítà 244 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta 5.5 wúwo tó gíráàmù 1.03, eré rẹ̀ yóò jẹ́ bíi mítà 178. Ọta 6.35 wúwo tó gíráàmù 1.65, eré rẹ̀ kò ní ju mítà 141 lọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó di ìbọn mú? Gbogbo ọta ló ń já bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èyí tó bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà ló ń já bọ́ jù. Ká tó mítà 40, ọta 4.5 ti já bọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí bí wọ́n ṣe na ọ̀pá ìbọn. Ti 5.5 ti já bọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ti 6.35 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 40. A ò tíì ka bí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ṣe ń dín eré ọta kù mọ́ ọn o, èyí tó túbọ̀ ń mú kó já bọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹni tó rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ wà ní mítà 35, tó sì jẹ́ pé mítà 40 ló wà, yóò ṣàṣìṣe díẹ̀ bó bá jẹ́ 4.5 ló gbé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ 5.5 ni, àṣìṣe náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lára ẹranko kékeré, èyí ló ń pààlà láàárín ẹran tó kú lójú ẹsẹ̀ àti ẹran tó gbé ọgbẹ́ sá wọ igbó.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á fi ń mú oníbàárà. Wọ́n á kọ eré ńláńlá sára páálí. Ọta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí kì í ṣe òjé ni wọ́n sábà fi ń wọn eré bẹ́ẹ̀. Ọta tó bá sì ń sáré tó súnmọ́ eré ohùn, tó jẹ́ bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, kì í lọ tààrà mọ́. Eré tó pọ̀ jù kì í ṣe àǹfààní.

Bó bá jẹ́ àmì lẹ fẹ́ máa ta, 4.5 ni

Ní ti yíyìnbọn sí àmì, ọ̀rọ̀ náà ò lárìíyànjiyàn. Ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mítà 10 wọ Òlíńpíìkì lọ́dún 1984 nílùú Los Angeles, 4.5 sì ni ìwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún un. Àmì tí wọ́n ń ta níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 45.5 lọ, ojú àárín rẹ̀ tó ń fúnni ní máàkì 10 kò sì fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà kan lọ. Ọta olórí pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, torí pé ó máa ń gé ihò roboto tó mọ́ tónítóní sára pépà, tí kò fi ní sí àríyànjiyàn nígbà tí wọ́n bá ń ka máàkì. Ọta olórí roboto ni ti àwọn ọdẹ, torí òun ló ń la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa lọ sọ́nà jíjìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, ẹ tún wo ti owó. Òjé lẹ ń rà. Kílò òjé kan, bí wọ́n bá fi ṣe ọta 4.5 tá a wí lẹ́ẹ̀kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọta 1,820. Bí wọ́n bá fi ṣe 5.5, yóò jẹ́ bíi 970. Bó bá jẹ́ 6.35, bíi 600 ni. Agolo ọta 4.5 sábà máa ń ní 500 nínú, ti 5.5 sì lè jẹ́ 250 péré. Ká ní ẹni tó ní ọgbà ìgbafẹ́ gba oníbàárà mẹ́wàá lójúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yin ọta 50, ọta 500 ti lọ nìyẹn. Ní 4.5, òjé tó bá a lọ kò tó gíráàmù 280. Ní 5.5, ó ti lé ní gíráàmù 510. Ẹni tó bá yan ìwọ̀n tó tóbi fún irú iṣẹ́ yìí, èrè rẹ̀ ló ń yìn dànù.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà, 4.5 ló yẹ ẹ́, torí ohun tí ń sọ èèyàn di atamátàsé kò ju kó máa yìn ín lójoojúmọ́ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹran lẹ fẹ́ pa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọdẹ Ìlú Ọba máa ń sọ, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wa jẹ́ pé 4.5 ni ti oníyẹ̀ẹ́, 5.5 ni ti onírun. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ kékeré bí àdàbà kò gba agbára púpọ̀, ibi tó yẹ kí ọta bà lára rẹ̀ ló kéré, èyí ló fi fẹ́ ìbọn tí ọta rẹ̀ ń lọ tààrà. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti èkúté ńlá nípọn lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta 5.5 máa ń dá ọgbẹ́ tó fẹ̀ jù, ó sì máa ń ná agbára rẹ̀ sínú ẹran náà, nígbà tó jẹ́ pé ti 4.5 lè gba inú rẹ̀ kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran náà sì máa sá lọ.

Síbẹ̀, ibi tí ọta bà ló ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Orí ni kí ẹ máa ta, ibi tí ọta sì gbọ́dọ̀ bà níbẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ. Ìdánwò kan rèé tí ẹnikẹ́ni lè ṣe: ẹ to ìdérí ìgò márùn-ún sójú kan níwájú àpò iyanrìn, kí ẹ sún sẹ́yìn tó mítà 25, kí ẹ yin ọta márùn-ún. Bí márààrún kò bá bà, ẹ tíì ní iṣẹ́ láti kọ́. Pẹ̀lú ìbọn agbára 12, ẹ má ṣe yin ẹran tó bá ju mítà 30 lọ.

Ọ̀yà ńkọ́? A gbọ́ pé àwọn kan ń rò ó. Ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Ọ̀yà tó dàgbà wúwo ju ohun tí ìbọn agbára 12 lè pa lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ 4.5, ì báà jẹ́ 5.5. Igún náà kò ṣeé yìn, torí ó ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kà mọ́ èyí tó fẹ́ parun pátápátá lágbàáyé.

Ẹ ṣọ́ ìlera yín pẹ̀lú. Májèlé ni òjé. Òun náà ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá di ọta mú, ẹ má ṣe fi ọta sẹ́nu, kí ẹ sì gé ibi tí ọta bà lára ẹran dànù kí ẹ tó sè é. Ní ti èkúté inú ilé àti inú ìsọ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé e, torí ibà Lassa tí irú eku kan ń gbé kiri, tó sì ti dààmú àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́pọ̀ ọdún.

Ẹ̀gà kò gbọ́ ti ìbọn

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá Ọ̀fadà ti ta kókó nìyí. Ìbọn oní-sípíríǹgì kì í gbà ju ọta kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí èèyàn tó ṣẹ́ ẹ, kó ki ọta, kó tún fojú sun ún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti lọ. Ẹ̀gà kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn. Bí igba ẹ̀gà bá bà lé oko, tí ẹ sì pa méjì, 198 tó kù yóò fò lọ sí ìkangun oko kejì, wọ́n á sì tún bà.

Oṣù kan péré ni ìjà náà, láti ìgbà tí ọmọ ìrẹsì bá ti ń ní omi bíi wàrà nínú títí di ọjọ́ ìkórè. Àwọ̀n tí wọ́n ta bo oko, àwọn ọmọ tó ń lé ẹyẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, okùn tí wọ́n so agolo mọ́, àti kí àwọn olóko tó wà nítòsí ara wọn gbìn lásìkò kan náà kí ẹyẹ má baà kó jọ sórí oko ẹnì kan, ìwọ̀nyí ló ń dín àdánù kù. Àwọ̀n tó bá dáa tún ṣeé ká pamọ́ di ọdún mìíràn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ìbọn afẹ́fẹ́ bá mu, torí òun kì í rìn ní ọ̀wọ́, ó sì máa ń padà sórí igi kan náà. Èkúté inú ìsọ̀ oúnjẹ adìyẹ náà bá a mu, bí ògiri bá ti ní ohun tí yóò gba ọta dúró. Àwọn àgbà ló ní ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn kan lé ẹ̀gà, kó tún fi pa ọ̀kẹ́rẹ́, kó sì tún fi kọ́ ọmọ ní àmì títa, kò ní rí ìwọ̀n kan tó dára jù fún gbogbo rẹ̀.

Owó tó fara pamọ́ lẹ́yìn ìbọn

Yàtọ̀ sí oní-sípíríǹgì, irú kejì wà tó ní sìlíńdà kékeré lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n á rọ afẹ́fẹ́ kún un, yóò sì yin ọta púpọ̀ kó tó tán. Kì í ta sẹ́yìn lé èèyàn léjìká bíi ti oní-sípíríǹgì, òun ló sì rọrùn jù láti fi bá ohun tí èèyàn ń ta. Òun náà nìkan ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ 6.35 rà, torí sípíríǹgì lásán kì í sábà ní agbára tó tó láti ti ọta tó wúwo bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n níbo lẹ ó ti máa rọ afẹ́fẹ́ náà? Sìlíńdà yẹn ń fẹ́ tó 200 bar. Ẹ̀rọ àwọn fọganáísà tó wà lẹ́bàá títì kì í sábà ju 8 sí 10 bar lọ, kò lè ṣe é. Ẹ gbọ́dọ̀ ra páǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún un, tàbí ẹ̀rọ tiẹ̀ tó wọ́n gan-an, tàbí sìlíńdà irú èyí tí àwọn tó ń wọ abẹ́ omi ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin pé kí wọ́n fi ọ́síjìn wọn kún un. Ọ́síjìn tó bá pàdé gíríìsì nínú irú agbára bẹ́ẹ̀ lè gbiná, kó sì bú gbàmù mọ́ ẹni tó dì í mú lójú. Fún ọ̀pọ̀ olóko wa, oní-sípíríǹgì ni ọ̀rọ̀ kàn, ìyẹn sì tún dín ìwọ̀n tó yẹ wọ́n kù sí méjì péré, 4.5 àti 5.5.

Ìbọn ni lójú òfin

Apá ibí yìí ni bàbá ò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ìbọn sí òun lójú? Bí òfin Nàìjíríà ṣe rò ó nìyẹn. Pé kò lo ẹ̀tù kò sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó wà ní Orí F28 nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004, dárúkọ ìbọn afẹ́fẹ́ ní tààrà. Ó kó o pọ̀ mọ́ ìbọn ọdẹ onígbàlódé ní Apá Kejì àtẹ òfin náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní in lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lábẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá àwọn ọlọ́pàá. Ẹ wá wò ó o: ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, tó ń lo ẹ̀tù, ọ̀dọ̀ kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni tirẹ̀ mọ. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní ohun ìṣeré, Àbújá ni àṣẹ tirẹ̀ wà.

Òfin náà kò fàyè gba kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tó jẹ́ ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Kíkó o wọ̀lú láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Títà á láìforúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ìbọn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ti ìbọn afẹ́fẹ́ alátẹ́lẹwọ́, ìyẹn èyí tó kúrú bíi ti ọlọ́pàá, tiẹ̀ tún le jù, torí òun ló wà lókè pátápátá nínú ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọ̀lú rárá.

Ọmọ tó wà lókè òkun lè wò ó pé nígbà tóun rà á lọ́nà ẹ̀tọ́ níbi tóun wà, kò séwu. Ṣùgbọ́n òfin ibi tóun ti rà á kọ́ ni yóò gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Lọ́hùn-ún gan-an, òfin ò dọ́gba. Ní Scotland, láti ìparí ọdún 2016, ẹni tó bá ní ìbọn afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kódà bí agbára rẹ̀ kò tó 12. Ẹni tó bá wá dì í sáàárín aṣọ nínú báàgì wá sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, bàbá tó ń dúró dè é níta ló ń kó bá.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ẹ béèrè bí ìwé àṣẹ ṣe ń jáde lásìkò náà, kí ẹ sì mú agbẹjọ́rò dání bó bá jẹ́ pé ọgbà ìgbafẹ́ lẹ fẹ́ dá sílẹ̀.

Bí ìwé bá wá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ tọ́jú ìbọn náà síbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọta rẹ̀ lè fọ́ ojú, ó lè pa èèyàn, ó sì lè rìn ju mítà 200 lọ bí kò bá bá nǹkan pàdé. Bó bá ba ògiri búlọ́ọ̀kù, ó lè ta padà wá bá ẹni tó yìn ín, torí náà àpò iyanrìn ni kí ẹ tò sẹ́yìn àmì.

Ohun tí bàbá ṣe

Nígbà tí akọ̀ròyìn wa padà sí Ọ̀fadà tó sì rò gbogbo èyí fún bàbá, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn." A ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ohun tí ẹ fẹ́ ta ló ṣáájú, ìwé àṣẹ ló tẹ̀ lé e, irú ìbọn ló tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni 4.5 tàbí 5.5. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àmì títa tàbí kó máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á, kó mú 4.5. Ẹni tí ọ̀kẹ́rẹ́ àti èkúté ńlá ń dà láàmú, tó sì lè súnmọ́ wọn, kó mú 5.5. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gà ni ìṣòro rẹ̀, kó má ra ọ̀kankan.

Bàbá gbé fóònù, wọ́n pe ọmọ wọn lójú wa. Wọ́n ní kó má ra ìbọn mọ́, kó fi owó náà ránṣẹ́ káwọn fi ra àwọ̀n, kó tó di pé ìrẹsì ní wàrà. Wọ́n ní ní ti ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn ó lọ béèrè ìwé àṣẹ náà lẹ́yìn ìkórè. "Bí wọ́n bá fún mi," bàbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, "5.5 ni n ó mú. Bí wọn ò bá fún mi, pàkúté ṣì wà níbẹ̀."